Ìbéèrè Ọmọdé àti Ìṣẹ́jú Àáyá Tó Tẹ̀lé E

Ẹni tó bá ti pẹ́ láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, bí èmi tí mo ń kọ́ wọn ní jẹ́léósinmi lọ́sàn-án tí mo sì tún ń bá tèmi nílé lálẹ́, kì í pẹ́ pa ìbéèrè kan tì, èyí tí àwọn òbí máa ń bi ara wọn, pé báwo ni a ṣe lè gbin ìfẹ́ láti mọ nǹkan sí ọkàn ọmọ. Ìfẹ́ náà ti wà níbẹ̀ kí a tó dé. Ohun tó jẹ mí lógún ní tèmi ni ohun tí àwa àgbà ń fi ìfẹ́ náà ṣe lójoojúmọ́, pàápàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó máa ń tẹ̀lé ìbéèrè ọmọ, nítorí ó dá mi lójú pé ìwọ̀nba àkókò yẹn ni ọmọ fi ń mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun tún béèrè òmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ rárá. Ní ọdún 2015, Aimee Stahl àti Lisa Feigenson, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ìkókó ọmọ oṣù 11. Wọ́n dá ọgbọ́n kan tí bọ́ọ̀lù fi dà bí ẹni pé ó gba inú ògiri kọjá lójú àwọn ọmọ náà, wọ́n sì tún fi ọkọ̀ ìṣeré kan hàn wọ́n tó yí kọjá etí ibi tí wọ́n gbé e lé tí kò sì já bọ́, àfi bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró. Nígbà tí wọ́n wá kó àwọn ohun ìṣeré náà fún àwọn ọmọ, àwọn tó rí bọ́ọ̀lù tó gba inú ògiri kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a mọ́ tábìlì, àwọn tó rí ọkọ̀ tí kò já bọ́ sì ń sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn pé bí ènìyàn bá fura sí líle nǹkan, gbígbá ni à á gbá a mọ́ ohun mìíràn, tàbí pé bí a bá fura sí ìwúwo rẹ̀, sísọ ni à á sọ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ìkókó tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì mọ ìrìn í rìn ti mọ irú àyẹ̀wò tó bá irú ohun ìyanu tí wọ́n rí mu.

Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta tó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀, ti kíyè sí irú ìwà yìí láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: ọmọ tó wà ní àyíká ọdún kan a máa sọ nǹkan sílẹ̀ láti ìhà yìí, a tún sọ ọ́ láti ìhà kejì, a na apá, a ká apá kò, a sì máa wo ibi tí nǹkan náà yóò balẹ̀ sí. Àgbà tó ń bá a ṣa ṣíbí nílẹ̀ kì í fi ojú bẹ́ẹ̀ wò ó. Lójú tirẹ̀, ọmọ náà ń yọ òun lẹ́nu ni, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà tó lè fara dà, a gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi, torí ẹ̀yìn ríro kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n ó dára kí ó mọ ohun tí òun ń gbà lọ́wọ́ ọmọ, kí ó sì fi èyí tí kò ní pariwo rọ́pò rẹ̀: bọ́ọ̀lù rírọ̀, aṣọ pélébé, bébà tí a rún mọ́wọ́. Aṣọ kì í já bọ́ bí ṣíbí ṣe ń já bọ́, ọmọ yóò sì tètè rí i pé kò rí bákan náà.

Bí ọmọ bá wá mọ ọ̀rọ̀ í sọ, àyẹ̀wò ọwọ́ a di àyẹ̀wò ẹnu. Michelle Chouinard fara balẹ̀ ka àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ mẹ́rin bá àwọn àgbà sọ, ó sì tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2007. Bí àwọn ọmọ yìí bá ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àgbà, ìbéèrè wọn ju 100 lọ láàárín wákàtí kan, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ìbéèrè tí ọmọ fi ń wá ìmọ̀ ní ti gidi, tó yàtọ̀ sí èyí tó fi ń tọrọ nǹkan tàbí èyí tó fi ń gba àṣẹ. Iye yẹn kò ya èmi tí mo ń gbé pẹ̀lú wọn lẹ́nu. Ohun tí mo ka sí jù ni bí ìbéèrè náà ṣe ń yí padà bí ọmọ ti ń dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ ni ó ń wá: "Kí nìyí? Kí nìyẹn?" Nígbà tó bá yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí: "Kí ló dé? Báwo ló ṣe ń ṣe é?" Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń rẹ̀wẹ̀sì, torí orúkọ rọrùn í sọ, ṣùgbọ́n ìdí a máa tú àṣírí àìmọ̀ wa síta.

Àwọn kan gbà pé ọmọdé kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdáhùn àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń lé e lọ, pé ohùn wa lásán ni ó fẹ́ gbọ́. Brandy Frazier, Susan Gelman àti Henry Wellman wo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2009, ohun tí wọ́n rí sì tako èrò náà. Bí àgbà bá la ìdí nǹkan yé ọmọ tó béèrè "kí ló dé", ọmọ náà a gbà á bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó béèrè èyí tó kàn. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá sọ ohun mìíràn tí kì í ṣe àlàyé, ọmọ a tún ìbéèrè àkọ́kọ́ béèrè, tàbí kí ó fúnra rẹ̀ hun àlàyé kan fún ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a ń wí yìí kò ju ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún lọ. Nítorí náà, bí ọmọ bá béèrè nǹkan kan náà léraléra tí a sì ń sọ pé olórí kunkun ni, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò tíì rí ohun tó béèrè gbà ni. "Torí pé bẹ́ẹ̀ ló rí" kò tíì dá ọmọ kankan lóhùn rí.

Ọmọbìnrin mi kò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà tó béèrè nínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Màámi, kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀lé wa?" Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni. Mo ní kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun rò fún mi. Ó ní bóyá ó fẹ́ mọ ilé wa. Mo ní kí ó wo àwọn òpó iná ẹ̀gbẹ́ títì, kí ó sọ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó ní wọ́n ń sáré sẹ́yìn. Àwọn igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ńkọ́? Ó wò wọ́n títí, ó ní àwọn yẹn ń rọra lọ ni. Òkè tó wà lẹ́yìn àwọn igi náà wá ńkọ́? Ó ní òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ìgbà yẹn ni mo wá sọ fún un pé bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ó ṣe máa ń dà bí ẹni pé kò yẹ̀ nígbà tí àwa bá ń lọ, àti pé òṣùpá jìnnà ju gbogbo ohun tó ń rí lójú ọ̀nà yẹn lọ, tó nǹkan bí 384,000 kìlómítà, débi pé gbogbo ìrìn ọkọ̀ wa kò jámọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò rò pé iye yẹn ní ìtumọ̀ kankan fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó nàka sí àwọn ọkọ̀ tó dojú kọ wá, ó ní, "Ṣé ó ń tẹ̀lé àwọn tó ń bọ̀ yẹn náà?"

Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ó ti rí i fúnra rẹ̀ pé bí òṣùpá bá ń tẹ̀lé àwọn tó ń lọ, tó sì tún ń tẹ̀lé àwọn tó ń bọ̀, nígbà kan náà, a jẹ́ pé nǹkan kan kò tọ̀nà nínú ọ̀rọ̀ pé ó ń tẹ̀lé ènìyàn. Bí mo bá ti sọ gbólóhùn mi kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ yóò ti wọ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n òpó iná, igi àti òkè kò ní sí níbẹ̀, n kò sì rò pé yóò ronú kan àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n mo ní ìjà pẹ̀lú àwọn olùdámọ̀ràn tó sọ èyí di òfin, tí wọ́n ní kí òbí má dáhùn rárá, kí ó máa dá ìbéèrè padà fún ọmọ nígbà gbogbo pé, "Kí ni ìwọ rò?" Ọmọ a tètè mọ̀ pé àrékérekè ni. Bí ọmọ bá béèrè orúkọ kòkòrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún un bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, torí kò sí bí yóò ṣe ronú títí tí yóò fi kan orúkọ. Bí ó bá béèrè ohun tó ń fa àrá nígbà tí ẹ̀rù ń bà á, àlàyé tààrà ni ó ń fẹ́, lẹ́sẹ̀ kan náà, ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ìbéèrè tí ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ wò tàbí kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò ni mo máa ń fà gùn. Àgbà tó bá fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè láìsí ìyàtọ̀ kankan kò ṣe ju ẹni tó ní kí ọmọ dákẹ́ lọ. Ọ̀nà tó gbà lé ọmọ lọ ló dùn ún gbọ́ díẹ̀.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, tí í ṣe ibi iṣẹ́ mi, ìwádìí kan wà tí n kò lè gbàgbé. Barbara Tizard àti Martin Hughes gba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó tó ọmọ ọdún mẹ́rin sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n wà nílé pẹ̀lú ìyá wọn àti nígbà tí wọ́n wà ní jẹ́léósinmi pẹ̀lú olùkọ́. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1984. Nílé, ìbéèrè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń béèrè tó 26 láàárín wákàtí kan, bí a bá dá a pín. Ní jẹ́léósinmi, ó jẹ́ méjì. Ọmọ kan náà ni o, ẹnu kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe ilé àwọn ọlọ́rọ̀ àti ọ̀mọ̀wé nìkan ni wọ́n lọ. Ní ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí já jẹ pàápàá, ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ń lọ láàárín ìyá àti ọmọ lórí iṣẹ́ ilé, lórí àlejò, lórí owó tí kò tó.

Mo ti ronú gan-an lórí ìbéèrè méjì péré ti jẹ́léósinmi yẹn. Òótọ́ ni pé olùkọ́ kan kò lè pín ara rẹ̀ fún gbogbo ọmọ bí ìyá ṣe lè jókòó ti ọ̀kan, ṣùgbọ́n iye ọmọ nìkan kọ́ ló fà á. Ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ ló máa ń béèrè, ohun tó sì ti mọ̀ ni ó ń béèrè. Bí mo bá gbé káàdì pupa sókè tí mo ní, "Àwọ̀ wo nìyí?", kò sí ọmọ kankan nínú kíláàsì náà tó rò pé mo fẹ́ mọ àwọ̀ káàdì. Wọ́n mọ̀ pé ìdánwò ni. Ọmọ tó bá sì ti lo oṣù mélòó kan níbi tí ìbéèrè ti jẹ́ ìdánwò yóò kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé wa: pé ẹni tó béèrè ni olórí ibẹ̀, pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó dáhùn, kí ó sì gbà á. A máa ń pa á lówe fún wọn pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, lẹ́yìn náà ni a óò wá fi gbogbo òwúrọ̀ béèrè ọ̀nà tí a ti mọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ìdúró náà tún wà níbẹ̀. Mary Budd Rowe, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí kíkọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, tẹ́tí sí ohùn àwọn olùkọ́ tí ó gbà sílẹ̀ nínú kíláàsì, ó sì rí i pé lẹ́yìn tí olùkọ́ bá béèrè nǹkan, kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí ó tó tún ìbéèrè sọ, tàbí kí ó pe ọmọ mìíràn, tàbí kí ó dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí ó kọ́ àwọn olùkọ́ láti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí a kò kà sí ọlọ́pọlọ pípé bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ náà sì ń béèrè nǹkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá dúró níwájú kíláàsì rí kò lè mọ bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣe gùn tó. Ara a máa yún ènìyàn láti sọ̀rọ̀. Èmi a máa di ọwọ́ mi méjèèjì mú lẹ́yìn, n óò sì fi ìka kọ̀ọ̀kan ka á láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ bá sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, n óò tún dúró díẹ̀, torí ohun tí Rowe tún tẹnu mọ́ nìyẹn, pé ìdúró lẹ́yìn ìdáhùn ṣe pàtàkì bákan náà. Ọmọdé kì í sábà sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ tán nígbà àkọ́kọ́ tó bá lanu.

Mo tún ní bébà ńlá kan lára ògiri kíláàsì mi, níbi tí mo máa ń kọ ìbéèrè àwọn ọmọ sí ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an, láìtún un ṣe. "Ṣé èèrà máa ń sùn?" "Níbo ni iná máa ń lọ bí a bá pa á?" "Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ló sì gbọ́ ọ?" Wọn kò tíì mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí tiwọn wà, wọ́n sì máa ń fi hàn àwọn òbí wọn. Nígbà tí a wá ìdáhùn ti èèrà, a rí i pé èèrà máa ń sinmi ní ìwọ̀n ìgbà kúkúrú kúkúrú, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, wọn kì í sì í sinmi pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdáhùn yìí bí ìbéèrè mìíràn lójú ẹsẹ̀: ta ló ń jí wọn? Ti ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ṣì wà lára ògiri, mo sì ti sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé. Ẹ kò ní gbà gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ wọn tó.

Ìwádìí tó yí ọwọ́ iṣẹ́ mi padà jù lọ ni ti Elizabeth Bonawitz, Laura Schulz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tó jáde ní ọdún 2011. Wọ́n ṣe ohun ìṣeré kan tó ní oríṣiríṣi nǹkan lára: ibì kan wà tó ń dún bí a bá fà á, ibì kan ń tan iná, ibì kan ń kọ orin, dígí sì wà tí a fi pa mọ́ sínú ihò kan. Fún àwọn ọmọ kan, àgbà ní, "Wò ó, báyìí ni ohun ìṣeré mi ṣe ń ṣiṣẹ́," ó sì fa èyí tó ń dún. Fún àwọn ọmọ mìíràn, ó ṣe bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì kàn án. Wọ́n wá fi ohun ìṣeré náà sílẹ̀ fún ọmọ. Àwọn tí a kọ́ fa èyí tó ń dún, wọ́n fà á, wọ́n tún fà á, wọ́n sì tètè ṣíwọ́. Àwọn tó rí èyí tó dà bí èèṣì pẹ́ nídìí rẹ̀, wọ́n sì rí púpọ̀ sí i nínú ohun tó pamọ́ sí i lára.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ti àkọ́kọ́ ya ọ̀lẹ. Ọgbọ́n ni wọ́n lò: bí ó bá tún ku nǹkan mìíràn lára rẹ̀, ṣebí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n yóò ti fi hàn wá. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú wa ni ó pa ìwádìí wọn. Ẹlòmíràn lè fi èyí wí pé kí a má kọ́ ọmọdé ní ohunkóhun, kí a máa wò wọ́n níran. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, torí àwọn nǹkan kan wà tí ọmọ kò lè rí fúnra rẹ̀ bó bá pẹ́ títí, bí kíkà àti kíkọ. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń kọ́ni máa sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Bí mo bá kó nǹkan tuntun wọ kíláàsì, bí òòfà pẹ̀lú àwọn ègé irin, igi àti ike, n óò fi ohun kan ṣoṣo hàn wọ́n, n óò sì sọ ọ́ gbangba pé, "Èyí tí mo mọ̀ nìyí. Bóyá ó tún ní òmíràn, ẹ̀yin ni ẹ óò sọ fún mi." Lẹ́yìn náà, n óò kúrò níbẹ̀. Kíkúrò níbẹ̀ ṣòro ju bí ó ti dà lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kò ní gba àkókò wa. Ìwádìí Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett ti ọdún 1973 ṣì dúró gbọin-in: àwọn ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán yíyà fúnra rẹ̀, tí a wá ṣèlérí ìwé ẹ̀rí aláràbarà fún bí wọ́n bá yà á, kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún un mọ́ nígbà tí ìlérí kò sí níbẹ̀, nígbà tí àwọn tí a fún ní ẹ̀bùn lójijì láìṣèlérí kò dín ìfẹ́ tiwọn kù. Ìdí nìyí tí n kì í fi fún ọmọ ní ìràwọ̀ nítorí pé ó béèrè nǹkan. Ìyìn "ìbéèrè rẹ mà dára o" pàápàá, mo máa ń ṣọ́ ọ lò, torí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbéèrè tí yóò dùn mọ́ mi nínú, dípò èyí tó ń dà á láàmú.

Ó ku ohun kan tí àwọn tó ń kọ nípa ìtọpinpin máa ń fò dá, ìyẹn ni ìbẹ̀rù. Mary Ainsworth, tó ṣọ́ àwọn ìyá àti ọmọ wọn ní Uganda ní àwọn ọdún 1950, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Baltimore ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ló ṣàlàyé bí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń jìnnà sí i láti yẹ nǹkan wò, tó sì máa ń bojú wẹ̀yìn tàbí kí ó padà wá fọwọ́ kàn án kí ó tó tún lọ. Ọmọ tí kò mọ̀ bóyá a óò wà níbẹ̀ nígbà tí òun bá padà dé kì í lọ jìnnà. Ní kíláàsì, mo máa ń rí i: ọmọ tí a ti fi àṣìṣe rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níbi kan a máa wo ojú mi kí ó tó wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Kò sí ohun ìṣeré kankan tí ènìyàn lè rà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí yóò ṣiṣẹ́ ju pé kí àṣìṣe má mú ìtìjú wá fún ìgbà pípẹ́ lọ.

Nígbà tí mo ti fẹnu kan ohun ìṣeré, n kò rò pé ó yẹ kí ó pọ̀. Celeste Kidd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2012 pé àwọn ìkókó ọmọ oṣù méje sí mẹ́jọ máa ń gbé ojú kúrò lára ohun tó rọrùn jù láti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé ojú kúrò lára èyí tó rú wọn lójú jù. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n ń tẹjú mọ́. Yàrá tó kún fún ariwo àti àwọ̀ lè rú ọmọ lójú. Ìwé kan tí a ti kà fún un títí tó ti mọ̀ ọ́n lórí lè ṣì wà ní àárín náà fún un, torí pé ohun tó ń wá nínú rẹ̀ lónìí kọ́ ni ó wá lánàá. Ẹ bá a kà á.

Fóònù ńkọ́? Mo ní i, mo sì ń lò ó láti wá ìdáhùn níwájú àwọn ọmọ. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ó yára ju ọmọ lọ. A óò kọ́kọ́ sọ ohun tí a rò, a óò wo ohun tí a lè wò, fóònù yóò wá sọ tirẹ̀ lẹ́yìn wa, bí ẹlẹ́rìí. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí tiwa, ìjíròrò gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí a kò lè fà gùn níbi tí a ti béèrè wọn. Ọmọ tó bá kígbe láàárín èrò pé, "Kí ló dé tí bàbá yẹn kò ní irun lórí?" kò hùwà àfojúdi, ohun tó rí ló sọ. Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú ìbínú, ohun tí yóò mú lọ ni pé wíwo ènìyàn dáadáa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Èmi a sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "A óò sọ ọ́ bí a bá délé," n óò sì rí i dájú pé a sọ ọ́, nípa irun àti nípa ọkàn bàbá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí rẹ̀. Ohun tó léwu, bí iná àti ohun mímú, kò gba àríyànjiyàn nígbà tí ọwọ́ ọmọ ti ń lọ síbẹ̀. A óò gbà á kúrò, a óò wá sọ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà, ní kíkún, torí ìdí tí kò bá gbọ́ lẹ́nu wa ni yóò padà lọ wá nígbà tí a kò bá sí nítòsí.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn kì í dákẹ́ kò dá mi lóró tó àwọn tó wá ń sọ pé tiwọn kì í béèrè nǹkan rárá. Ọkàn wọn kì í balẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ti gbọ́ nípa ìwádìí Prachi Shah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ọdún 2018, tó wo nǹkan bí 6,200 ọmọ ní Amẹ́ríkà tó sì rí i pé ìtọpinpin bá ìmọ̀ ìwé kíkà àti ìṣirò rìn nígbà tí ọmọ bá wọ ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì hàn ketekete jù lọ lára àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òbí bẹ́ẹ̀ kò kíyè sí ni pé ìwádìí náà kò ka iye ìbéèrè ẹnu. Ìwà ni ó wò, bí ọmọ ṣe ń yá gágá sí ohun tuntun.

Ìyá kan bá mi sọ̀rọ̀ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní kíláàsì, ọmọkùnrin náà kì í nawọ́, kò sì sí ìbéèrè tirẹ̀ kan lára bébà ògiri mi, ṣùgbọ́n kò sí pẹ́ńnì tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í tú, tí kì í sì í tún tò padà ní ọ̀nà mìíràn láti wò ó bóyá yóò ṣì máa kọ̀wé. Wọ́n béèrè bóyá kí àwọn máa fi túláàsì mú un sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó tì í nígbà tó bá wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n béèrè ohun kan tí àwọn fúnra wọn kò mọ̀ ní ti tòótọ́ nípa ohun tó ń ṣe, kí wọ́n sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó sọ nípa sípíríǹgì inú pẹ́ńnì pọ̀ ju èyí tí àwọn lè rántí lọ, pé ó tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí sípíríǹgì bá gùn tó ọwọ́ òun. Síbẹ̀, wọ́n ṣì fẹ́ kí n máa pè é dìde ní kíláàsì kí ó lè mọ́ ọn lára. Èmi kò fẹ́, mo sì ti sọ ìdí rẹ̀. Àwa méjèèjì kò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn.